Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú ní ilẹ̀ Okun: ẹ dá ilé kíkọ́ dúró ná, ẹ gba nọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin akápò, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ní ilẹ̀ Okun, ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, láti Bùnú dé Ìjùmú, nílé, l'Ékòó, l'Ábújá àti lókè òkun,

Okun o. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Mo mọ̀ pé bí àjọ̀dún ìlú bá ti ń sún mọ́lé, lẹ́tà owó ni ẹ máa ń rí gbà jù. Èyí náà kan owó, àmọ́ n kò ní kí ẹ dá kọ́bọ̀ kan lé èyí tí ẹ ti ń dá tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ gbé owó ìlera tó wà lọ́wọ́ yín kúrò lórí búlọ́ọ̀kù àti páànù, kí ẹ fi gba ènìyàn síṣẹ́.

Kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì tún jẹ́ agbẹ̀bí. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba títí ìwé ìfẹ̀yìntì fi tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo wá padà sí Ìjùmú wá jókòó. Ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó ni mo bá wá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí ẹnì kan tó bá mi sọ ọ́, pé èmi náà ti ń tọ̀ wọ́n bọ̀ lẹ́yìn.

Bí ẹ bá sọ fún àwọn tó ń ṣètò ìlera l'Ábújá pé arúgbó ti pọ̀ jù fún wa, wọ́n lè rò pé ẹ̀fẹ̀ lẹ ń ṣe. Nínú ìwé tiwọn, orílẹ̀-èdè ọ̀dọ́ ni Nàìjíríà. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, àwọn tó ti lé ní 60 kò pé mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú ètò sẹ́ńtà ìlera fi jẹ́ ti aláboyún, ti àjẹsára, ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, òun ni mo fi jẹun. Àmọ́ kí wọ́n wá sí ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú kan tí kì í ṣe ti Kérésì, tí kì í ṣe ti Àjíǹde, kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìsìn bá parí, kí wọ́n máa ka ọ̀pá ìtilẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní ilẹ̀ yìí, 2006 ni. Ọmọ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà ti ń bá ọgbọ̀n ọdún fà á báyìí, kò sì sí nílé. Ó wà l'Ékòó, ó wà l'Ábújá, ó ń wa ọkọ̀ sìmẹ́ńtì l'Ọ́bajànà, tàbí kó ti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Bàbá àti ìyá tó bí i ló ṣẹ́kù. Bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà ṣe lè jẹ́ ọ̀dọ́ kí ìlú wa sì ti di arúgbó, láìsí ẹni tó parọ́ nínú wa.

Ẹ wá wo ibi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà gbà lọ. Ní England àti Wales, ìkànìyàn 2021 fi hàn pé ẹni 18.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti pé 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó máa wẹ̀ wọ́n, tó máa bọ́ wọn, tó máa gbé wọn dìde lórí ibùsùn kò tó wọn. Ní oṣù Kejì 2022, ìjọba wọn ṣí físà fún àwọn tó máa wá láti òkèèrè wá tọ́jú arúgbó. Ẹ mọ bó ṣe lọ. Tíṣà fi kíláàsì sílẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì fi báńkì sílẹ̀, ẹnì kan ta ilẹ̀, ẹnì kan ta oko kaṣú bàbá rẹ̀. Ní 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní olùtọ́jú kò gbọdọ̀ kó ẹbí rẹ̀ tẹ̀lé ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn tuntun tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Ti nọ́ọ̀sì àti ti dókítà ṣì wà ní ṣíṣí.

Àwọn baba wa ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọmọ ti wà ní Birmingham báyìí, ó ń fi ṣíbí bọ́ ìyá oníyàá. N kò dá a lẹ́bi. Owó tó ń fi ránṣẹ́ ló ń ra gààrí, òun ló ń ra oògùn, òun náà ló san owó tí wọ́n fi tún òrùlé ṣe. Ṣùgbọ́n owó náà kò lè di apá ìyá mú kó bá a wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sì lè mọ̀ pé ìyá ti ń fi ọ̀tún wọ bàtà òsì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n nílé náà ń lọ. Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ mínísítà ìlera ní 2025, sọ ọ́ lọ́dún náà pé dókítà tó ju 16,000 lọ ni wọ́n fojú dá pé ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún sí méje, pé títọ́ dókítà kan jáde ń ná ju 21,000 dọ́là lọ, àti pé tí a bá pín dókítà tó kù fún 10,000 ènìyàn, 3.9 ló máa kàn wọ́n. Àjọ WHO fi wá sínú àwọn orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023. Nítorí ìwé yẹn, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ní kí àwọn ilé ìwòsàn wọn má wá polówó iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí wọn ńkọ́? Wọ́n á gbà á. Ní oṣù Kejì 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílé níbí ní nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gba ìwé àṣẹ, kí àwọn tó jẹ́rìí rẹ̀ fún òkè òkun. Àwọn ọmọ náà tú jáde, wọ́n wọ́de. Mo wà lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ẹ kò san owó tó tọ́ fún, tí ẹ kò fún ní ilé, ẹ kò lè fi okùn so ó mọ́lẹ̀.

Àmọ́ nọ́ńbà ti Ábújá kọ́ ló ń pa wá níhìn-ín, torí 3.9 yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ fún sẹ́ńtà ìlera kan ní wọ́ọ̀dù kan sọ pé òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélógún ló yẹ kó wà níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí agbẹ̀bí títí dé ọlọ́dẹ. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀wé yín lọ sí ti ìlú yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, kó lọ kà wọ́n.

Kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, torí ibi tó dà bíi rẹ̀ pọ̀. Ilé náà dára. Ẹgbẹ́ ìlú ló kọ́ ọ, orúkọ àwọn tó dáwó sì wà lára òkúta mábù lẹ́nu ọ̀nà, láti orí ẹni tó dá púpọ̀ jù sísàlẹ̀. Mo mú ìyá kan tó ń gbé lẹ́yìnkùlé mi lọ, ìyá tó ti lé ní 80, tó ní orí ń fọ́ òun. Yàrá méjì wà ní títì pa. Mátírẹ́ẹ̀sì inú wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Òṣìṣẹ́ ìlera kan ṣoṣo tí wọ́n gbé síbẹ̀ ti lọ sí Lọ́kọ́ja nítorí owó oṣù rẹ̀ tí kò wọlé. Ọmọdébìnrin tó ń gbálẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì kí wa dáadáa, ó fún wa ní bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ wà lórí tábìlì, tuntun, ọrẹ ẹgbẹ́ ni òun náà. Bátìrì rẹ̀ ti kú. Ọmọ náà gun àga, ó yọ bátìrì inú aago ara ògiri, ó tì í sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tàn. Mo fà á sí ìyá lápá fúnra mi. 190 lókè, 110 nísàlẹ̀. Ìyá ní kí n má dààmú, pé ara òun le, pé ìrìn ọ̀nà ló fà á.

Ilé wà, bẹ́ẹ̀dì wà, ẹ̀rọ wà. Ẹ wo ohun tí kò sí.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru yẹ̀ wò díẹ̀, torí òun ló fi ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilé àti ènìyàn hàn jù. Ọmọ tó bá ní ibà, a tọ́jú ibà, ibà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í lọ. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láì dùn ún. Oògùn rẹ̀, ojoojúmọ́ ni; ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan tó máa wọ̀n ọ́n láti ìgbà dé ìgbà, tó máa wò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tó máa bi í léèrè bóyá ó ń gé oògùn sí méjì kó lè tọ́jọ́. Wọ́n ń gé e o! Láti ìgbà tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ńlá láti òkèèrè ti ń kó ẹrù wọn ní 2023, tí náírà sì ti já wálẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ìyá á mu tòní, á fi tọ̀la sílẹ̀, á dé ṣọ́ọ̀ṣì á jẹ́rìí pé Ọlọ́run ti wo òun sàn. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Mo sì ti bá àwọn tó jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ gbé posí.

Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ tí kò rí olùṣọ́ ló ń di rọpárọsẹ̀. Ní ọjọ́ tó bá di í, oògùn kan wà tó lè tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán orí, kí oògùn náà sì wọlé kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tó kọjá. Láti abúlé kan ní Bùnú, níbo lẹ fẹ́ gbà dé ibi àwòrán orí kí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ tó pé? Àwọn ará Yàgbà ń gbé aláìsàn wọn lọ sí Ìlọrin, àwa ará Ìjùmú ń gba Ọmùò lọ sí Ìdó-Èkìtì, àwọn míì ń lọ sí Lọ́kọ́ja. Bó bá sì jẹ́ òru ni, ẹ tún fi ti àwọn ajínigbé kún un. Ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà wa ti di ohun tí awakọ̀ ń sá fún bí oòrùn bá ti wọ̀. Awakọ̀ á ní kí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, apá kan ti kú.

Ẹ̀rù ọ̀nà yẹn náà ni kò jẹ́ kí ọmọdé tí ìjọba gbé sí abúlé fẹ́ dúró. Á wá, á fọwọ́ sí ìwé, á padà sí Kàbà tàbí Lọ́kọ́ja, á máa wá lọ́jọ́ ọjà. Bí mo bá ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlélógún, tí wọ́n ní kó máa sùn lóun nìkan nínú kọ́tà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, n kò ní jẹ́ kó lọ.

N kò tíì sọ ti itan tó kán nílé ìwẹ̀, tí wọ́n gbé lọ bá teguntegun, tí ìyá kò tún fẹsẹ̀ rìn mọ́. N kò tíì sọ ti ojú tó fọ́. N kò sì fẹ́ sọ púpọ̀ nípa àwọn tó ń ṣarán, tí wọ́n ń rìn jáde lóru, tí àwọn aládùúgbò sì ti ń pè ní orúkọ mìíràn tó burú. Àìsàn ọpọlọ tó ń bá ogbó wá ni. Kò sí ẹni tó máa ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, nítorí ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sí nílùú.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe ìlera ọ̀fẹ́ nígbà àjọ̀dún. Mo ti jókòó sídìí tábìlì yẹn rí, mo mọ bí orí ènìyàn ṣe ń wú nígbà tí ìlà bá gùn dé ìta, tí àwọn dókítà ọmọ wa tó ti òkè òkun wá bá ń dá àwọn àgbà lóhùn lédè wa. Ẹ má fi í sílẹ̀. Ìpákẹ̀ tí wọ́n bá rán lọ́jọ́ náà, ó ti rán. Ojú tí wọ́n bá yọ àwọ̀ funfun kúrò lórí rẹ̀, ó ti là. Àmọ́ ti ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà tí ẹ ń yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ẹ ń sọ fún ènìyàn pé ilé rẹ̀ ń jó, ẹ fún un ní garawa omi kan, ẹ wọ ọkọ̀, ó di Kérésì tó ń bọ̀. Oògùn oṣù kan ni ẹ ń fún wọn. Ìgbà tí oṣù Kejì bá máa fi wọlé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé páálí òfìfo wá, pé kí n wò ó bóyá mo ní irú rẹ̀.

Ó yá, kí ni kí ẹ ṣe?

Ẹ wò yíká ìlú yín. Kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Okun tí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kò sí. Òfin iṣẹ́ ìjọba ní kí ènìyàn lọ sílé bó bá pé 60 tàbí bó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lè wà nílé ní 57, kí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ má gbọ̀n. Wọ́n ń ta omi pọ̀ọ̀wọ́tà, wọ́n ń tọ́jú ọmọ ọmọ, wọ́n jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti ní ilé ní ìlú, nítorí náà ẹ kò ní wá kọ́tà fún wọn. Wọn kò ní lọ sí Birmingham. Àwọn arúgbó mọ̀ wọ́n, wọn kò ní tijú láti bọ́ aṣọ níwájú wọn. Bí ìyá bá sì ní òun ti lo oògùn, tí kò lò ó, wọ́n á mọ̀, torí wọ́n mọ bí ìyá ṣe ń purọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Èyí kì í ṣe ọgbọ́n tí èmi hùmọ̀. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ dá ètò agbẹ̀bí kan sílẹ̀, Midwives Service Scheme, tó kó àwọn agbẹ̀bí tuntun, àwọn tí kò níṣẹ́ àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lọ sí ìgbèríko. Abújá ń san 30,000 náírà lóṣù, ó yẹ kí ìpínlẹ̀ fi 20,000 sí i, kí ìjọba ìbílẹ̀ fi 10,000 àti ilé sí i. Ẹ lè rò ó fúnra yín, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kì í wá déédéé. Níbi tí owó ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kò ti wá, agbẹ̀bí náà kò dúró. Ohun tó ya lára ètò náà ni ọ̀nà owó. Àwọn ènìyàn tí wọ́n kó lọ dára, pàápàá àwọn àgbà inú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000 náírà láti 2024. Kogí tiwa sọ ọ́ di 72,500. Ká ní ẹ fún nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní 150,000 lóṣù, kó máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀: ọjọ́ kan ní sẹ́ńtà, ọjọ́ méjì lórí ọ̀kadà láti ilé arúgbó dé ilé arúgbó. Mílíọ̀nù kan ó lé 800,000 náírà ni lọ́dún kan. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí ẹ ná sórí géètì gbọ̀ngàn ìlú tó kọjá, géètì nìkan. Ẹ fi ìdajì iye yẹn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ní òsùnwọ̀n ńlá lọ́wọ́ ilé oògùn tó ṣeé fọkàn tán, kí nọ́ọ̀sì máa tà á fún wọn ní iye tí ẹ rà á. Ẹ má fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ pátápátá. Ohun ọ̀fẹ́ ní ilẹ̀ wa máa ń tán lọ́jọ́ kejì, àwọn ìbátan akápò ló sì máa ń tán an.

Àmọ́ àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kò ní pẹ́ títí. Ẹ gbọ́dọ̀ tọ́ ẹlòmíràn, ibí sì ni èmi àti ọ̀pọ̀ nínú yín kò ti ní gbọ́ra yé. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń fún àwọn ọmọ tó mọ̀wé ní sìkọ́láṣípù. Ẹ rán ọmọ tó mọ̀wé jù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Ọ̀bàngẹ̀dẹ̀, ẹ ní kó fọwọ́ síwèé pé á padà wá sìnlú. Ó fọwọ́ sí i, ó jáde, ó lọ. Kí lẹ fẹ́ ṣe fún un? Ẹ máa pè é ní kóòtù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé jù máa bá tirẹ̀ lọ, kó sì máa dáwó wá. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni obìnrin tó ti pé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tó ṣe wáyẹ́ẹ̀kì dáadáa, tó ti lọ́kọ nílùú, tó ní oko, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń lọ síléèwé níbẹ̀. Ẹ rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera ní Ìdá kó lọ kọ́ṣẹ́ CHEW, òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè. Ọdún mẹ́ta ni. Ti kékeré, JCHEW, ọdún méjì. Wọ́n kọ́ wọn láti wọn ẹ̀jẹ̀, láti fún ni lóògùn níwọ̀n, láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ènìyàn lọ síwájú. Ìwé ẹ̀rí náà, Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n. Ọsibítù òkè òkun kò ní gbà á gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Àwọn ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ lè bínú sí mi, nítorí àríyànjiyàn àwa àti àwọn CHEW ti pẹ́, àmọ́ èmi ti dàgbà kọjá ìjà yẹn. Ẹni tó bá máa wà níbẹ̀ láago méjì òru ni mo ń wá.

Ẹlòmíràn á ní iṣẹ́ ìjọba ni mo ń gbé lé yín lórí. Iṣẹ́ ìjọba ni lóòótọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sinmi. Ní 2025 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti ìjọba àpapọ̀ máa ṣiṣẹ́ dé 65 dípò 60. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ Lọ́kọ́ja, ìgbà wo ni ti àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀? Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ní lọ́yà, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn sẹ́nétọ̀, ẹ bá wa bi wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 190 kò lè dúró de ìdáhùn. Owó yín kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọjá, kò sì gbọdọ̀ gba ọwọ́ olóṣèlú kankan, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìlú tó dáwó jù. Ẹ bá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù tó ń bójú tó sẹ́ńtà ṣe àdéhùn lórí ìwé, kí owó oṣù nọ́ọ̀sì máa lọ sínú àkáǹtì rẹ̀ tààrà. Bí oṣù kan bá fò, kí gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́.

Ohun kékeré kan kù, kò ná yín lówó rárá. Òfin ìbánigbófò ìlera ti 2022 ka àwọn arúgbó mọ́ àwọn aláìlágbára tí ìjọba gbọ́dọ̀ ràn lọ́wọ́. Kí orúkọ wọn tó wọ ìwé, wọ́n máa béèrè NIN. Àwọn àgbà wa tí kò ní NIN pọ̀. Àwọn míì lọ, ẹ̀rọ kò mú ìka wọn, torí oko ríro ti pa ìlà ìka wọn rẹ́. Wọ́n á ní kí ìyá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyá kò ní padà. Kí àwọn ọ̀dọ́ tó bá wálé lọ́dún bá wa gbé wọn lọ, kí wọ́n dúró tì wọ́n, kí wọ́n bá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ́nà tí wọ́n máa fi dá wọn lóhùn. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lè gbóhùn sókè níbi tí ìyá á ti máa bẹ̀bẹ̀.

Mo gbọ́ pé ìlú méjì kan ní ẹkùn wa ti ń múra ìfilọ́lẹ̀ fún ilé ìwòsàn tuntun ní Àjíǹde tó ń bọ̀. N kò ní kí ẹ wó ìpìlẹ̀ tí ẹ ti fi lélẹ̀. Kí ẹ tó tẹ káàdì ìpè, ẹ kọ ìlà kan kún ohun tí ẹ máa jíròrò: ta ló máa wà nínú rẹ̀, ta ló máa san owó oṣù rẹ̀ fún ọdún márùn-ún? Bí ìdáhùn kò bá sí, ẹ fi ọdún kan sún ilé síwájú.

Mo ti ń kọ orúkọ àwọn nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti CHEW tó ti fẹ̀yìn tì tí mo mọ̀ ní Ìjùmú sínú ìwé kan, pẹ̀lú ìlú tí oníkálukú ń gbé àti ohun tó lè ṣe. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ nínú wọn ti gbà pé àwọn á ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo ló kọ̀, ó ní orúnkún òun kò lè gun ọ̀kadà mọ́, pé kí wọ́n gbé àwọn arúgbó wá bá òun lábẹ́ igi máńgòrò. Èyí náà dára. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó bá nílò ìwé náà, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi. Kí ẹnì kan láti Yàgbà, Bùnú, Kàbà, Mọ́pà àti Òwọ́rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn.

Èmi ni tiyín,
nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìjùmú.